Orúkọ Tí Mi Ò Lè Kọ Sórí Fọ́ọ̀mù

Ọjọ́ Ajé, 6 Èbìbí 2024

Ìwé ètò-ẹ̀kọ́ ọdún tó kọjá ni mo yí sódì láti máa kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. Kò sẹ́ni tó ń ka ìwé ètò-ẹ̀kọ́ olùkọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé wa gan-an kì í kà á, ó kàn ń buwọ́ lù ú ni. Ibi ìpamọ́ tó dáa nìyẹn.

Mo rí nǹkan kan nígbà tí mo ń wẹ̀ láàárọ̀. Ọyàn òsì, nísàlẹ̀, sí ìhà abíyá. Ó le. Ó tó kóró àgbálùmọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dùn mí. Àìdùn rẹ̀ gan-an ló bà mí lẹ́rù. Bí ti ìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, wọ́n ní ohun tí kò dun èèyàn kò lè jẹ́ nǹkan bàbàrà. Ọdún kan àti oṣù méjì lẹ́yìn náà la sin wọ́n. Jẹjẹrẹ.

Mo wọ aṣọ, mo lọ sí ilé-ìwé, mo kọ́ JSS mẹ́ta ní àkàyé.

Èmi, Edith, olùkọ́ Yorùbá, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí n lè rí i kà pé èmi ni ọ̀rọ̀ yìí bá, kì í ṣe ìyá mi.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Èbìbí

Ó ṣì wà níbẹ̀. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Àlejò.


Ọjọ́bọ̀, 9 Èbìbí

Ẹ jẹ́ kí n tò ó kalẹ̀, bóyá mo lè rí ọ̀nà níbẹ̀.

Láti January ni wọ́n ti ń yọ owó inṣọ́ránsì ìlera nínú owó oṣù àwa olùkọ́. Ètò náà rọrùn lẹ́nu. Dókítà kan ṣoṣo ni wàá yàn fún gbogbo ilé rẹ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ lọ fún ohun yòówù tó bá ń ṣe ọ́. Bí ó bá ju agbára rẹ̀ lọ, òun ló máa kọ ìwé tí wàá mú lọ sí ọsibítù ńlá ní Ìbàdàn. Láìsí ìwé rẹ̀, kò sí Ìbàdàn. Ẹnu ọ̀nà kan ni.

Adúmáadán ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà tèmi.

Adúmáadán ni àbúrò ọkọ mi, àbíkẹ́yìn ìyá wọn. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ gan-an síhìn-ín, mi ò pè é rí. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí mo wọlé wọn lọ́dún 2000. Ó dúdú, ó ń dán, ọjọ́ kejì ìgbéyàwó ni mo ti sọ ọ́ ní Adúmáadán. Bó ṣe kéré tó nígbà yẹn, ọkọ mi ni, bí àṣà ṣe wí. "Ìyàwó mi" ló ń pè mí títí dòní, níwájú àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá.

Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́. Ìyá wọn ń ná ọjà Tápà àti Ayétẹ̀, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé. Ẹ̀yìn mi ló wà lọ́jọ́ tí ibà fẹ́ gbé e lọ, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ọsibítù. Mo kọ́ ọ ní òǹkà, mo kọ́ ọ ní A B D. Nígbà tí mo bí Tómilọ́lá, á jókòó tì mí, á máa wo ọmọ tó ń mu ọmú, á ní kí n jẹ́ kí òun náà tọ́ ọ wò. Màá gbá a nídìí, a óò jọ rẹ́rìn-ín.

Ọmú kan náà. Èyí òsì ni Tómilọ́lá fẹ́ràn jù.

Òun nìkan ni dókítà ní ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Igbó-Ọrà wa níbí. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, méjì nínú wọn jẹ́ ọmọ agboolé wa. Lọ́jọ́ tí fọ́ọ̀mù inṣọ́ránsì dé, Bàbá Tómi, ọkọ mi, ò tiẹ̀ jẹ́ kí n ka àkójọ àwọn dókítà tó wà níbẹ̀. Ó ní, "Àwa la ní dókítà, a óò wá máa wá dókítà kiri?" Òun ń pe ohun tí a máa kọ, èmi ń kọ ọ́. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.


Ọjọ́ Àìkú, 12 Èbìbí

Adúmáadán wá jẹun lẹ́yìn ìsìn, bó ṣe máa ń ṣe. Láfún àti ìlasa, ẹja àrọ̀ méjì. Ó jẹun tán, ó na ẹsẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ìyàwó òun ti rù. Ó ní kí n wá sí ọ́fíìsì lọ́la, òun máa yẹ̀ mí wò láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, inṣọ́ránsì ló ń sanwó. Bàbá Tómi ní kó yáa ṣọ́ra, ìyàwó òun ni. Adúmáadán ní ìyàwó àjọni ni. Ìyá Àgbà, ìyá wọn, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Mo kó abọ́. Mo dé ilé ìdáná, mo fọwọ́ kan Àlejò láti orí bùbá, mo jókòó sórí àpò gààrí.

Ṣé àwàdà ló máa fi ṣe nígbà tí mo bá dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀? Bí kò bá sì ṣe àwàdà ńkọ́, bí ojú rẹ̀ bá yí padà níbi tó ti ń yẹ̀ mí wò? Nọ́ọ̀sì kan á ti rí i. Agboolé á ti gbọ́ kí n tó dé ẹnu géètì. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe fi bá ìyá mi sọ̀rọ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Èbìbí

Orí-ọ̀rọ̀ òní fún SS méjì: Àṣà Ìgbéyàwó. Ayé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo kọ ọ́ sójú pátákó pé ìyàwó kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ, pé orúkọ tuntun ló máa fún wọn. Àpẹẹrẹ: Akọ̀wé, Ìbàdíàrán, Agùntáṣọọ́lò. Mi ò kọ Adúmáadán sí i.

Aliyyah nawọ́, ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn, tí kì í sọ̀rọ̀ ní gbogbo táàmù. Ó ní bí ilé bá ń jó ńkọ́, tí ọmọ ọkọ ń sùn nínú rẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ tuntun yẹn pè é títí tí kò jí. Ṣé ìyàwó ò ní pe orúkọ rẹ̀ gan-an? Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyẹn ò sí nínú sílábọ́ọ̀sì.

Ìdáhùn ọ̀lẹ ni. Mo mọ̀ ọ́n bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi.


Ọjọ́bọ̀, 16 Èbìbí

Èmi àti Rùkáyàt jọ jẹ ẹ̀pà lábẹ́ igi máńgòrò. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù, òun sì ni ọ̀rẹ́ tí mo ní nílé-ìwé yẹn. Mi ò sọ ti Àlejò fún un. Mo kàn ní mo fẹ́ dókítà obìnrin. Kò bi mí ní nǹkan kan, ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Ó ní Dókítà Moyọ̀sọ́rẹ ní Èrúwà ni òun yàn. Obìnrin ni, ọwọ́ rẹ̀ tutù, kì í kánjú, ó máa ń fi aṣọ bo ibi tí kò bá ń yẹ̀ wò. Ó ní èèyàn lè pààrọ̀ dókítà, fọ́ọ̀mù kan péré ni, ọ́fíìsì inṣọ́ránsì wà ní Èrúwà níbẹ̀.

Ó máa ń fi aṣọ bo ibi tí kò bá ń yẹ̀ wò. Gbólóhùn yẹn ni mo gbé délé.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Èbìbí

Kóró àgbálùmọ̀ síbẹ̀. Àbí ó ti tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ìka ò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé.


Ọjọ́ Ajé, 20 Èbìbí

Mo purọ́ fún Bàbá Tómi. Mo ní àwa olùkọ́ Yorùbá ń ṣèpàdé ní Èrúwà. Ọdún mẹ́rìnlélógún, irọ́ tí mo ti ń pa fún un ò ju ti ẹja tó jóná lọ.

Ọ́fíìsì náà jẹ́ yàrá kan, fáànù kan tí kò yí, àti ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Bámiṣẹ́. Ọmọlúàbí ni, ó dìde fún mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, màmá, ẹ lè pààrọ̀ dókítà. Ó yọ fọ́ọ̀mù kan fún mi. Ojú-ìwé kìíní rọrùn. Ìsàlẹ̀ ojú-ìwé kejì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé dókítà tí ẹ ń fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú, kó sì kọ ìdí tí ẹ fi ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Mo bi í pé bí dókítà náà bá jẹ́ ẹbí ńkọ́. Ó ní ìyẹn gan-an ló máa jẹ́ kó yá, ẹbí ò ní dá yín dúró.

Kí n tó lè sá fún Adúmáadán, àfi kí n lọ bá Adúmáadán. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Bámiṣẹ́ fẹ́ yẹ nọ́ńbà mi wò lórí kọ̀ǹpútà, nẹ́tíwọ̀kì ò sí. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, bóyá káàdì wa á ti jáde. Láti January, káàdì ò tíì dé, ìwé pélébé onínọ́ńbà kan ló wà lọ́wọ́ wa. Nǹkan ìjọba ni, a ò tiẹ̀ ronú sí i.


Ọjọ́rú, 22 Èbìbí

"Ta lo lọ rí ní Èrúwà?" Bàbá Tómi ló béèrè, jẹ́jẹ́, ó ń bó ọsàn.

Ẹnìkan ti sọ fún un pé òun rí mi níwájú ọ́fíìsì kan, kì í ṣe ilé-ìwé. Ní Ìbàràpá wa yìí, bí o bá sín ní Lánlátẹ̀, wọ́n á kí ọ ní pẹ̀lẹ́ ní Igbó-Ọrà. Mo ní ìpàdé tètè parí, mo ní kí n yà béèrè káàdì inṣọ́ránsì wa. Ìdajì òótọ́. Ó ní káàdì kẹ̀, ṣé Dókítà ló béèrè káàdì lọ́wọ́ mi ni?

Ó bó ọsàn náà tán, ó jẹ ẹ́ tán. Ó máa ń pín in sí méjì.


Ọjọ́ Ẹtì, 24 Èbìbí

Mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Mi ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé, torí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nẹ́tíwọ̀kì wà. Bámiṣẹ́ tẹ nọ́ńbà mi, ó tún un tẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Màmá, ẹ ò sí lọ́dọ̀ dókítà kankan o."

Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi. Fọ́ọ̀mù January ló wà níbẹ̀, ìkọ̀wé mi ni, ìkọ̀wé olùkọ́, gbogbo àmì ohùn pé. Fọ́ọ̀mù náà kì í béèrè ilé ìwòsàn. Dókítà ni wàá kọ, ilé ìwòsàn rẹ̀ á tẹ̀lé e. Níbi tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ dókítà tí mo yàn sí, mo kọ: Dókítà Adúmáadán.

Wọ́n wá a nínú àkójọ wọn, kò sí dókítà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀. Wọ́n pa wá tì, èmi, Bàbá Tómi àti Ọláyídé àbúrò Tómi. Oṣù márùn-ún nìyẹn, wọ́n sì ń yọ owó wọn lọ.

Mo rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá Tómi ń pe orúkọ àbúrò rẹ̀ ketekete kí n lè kọ ọ́, ọwọ́ mi sì ń kọ ohun tí ẹnu mi mọ̀. Ó wo fọ́ọ̀mù náà kó tó buwọ́ lù ú, òun náà ò rí i. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti ń gbọ́ Adúmáadán lẹ́nu mi, ó ti mọ́ ọn lára.

Mo ṣàlàyé fún Bámiṣẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ìyàwó òun ń pe àbúrò òun, pé bóyá òun náà á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín ló ti yé mi: bí mi ò bá sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó máa buwọ́ lùwé kí n tó kúrò. Mi ò ní láti lọ bá Adúmáadán. Ara mi fúyẹ́, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ dì mọ́ ọmọkùnrin náà. Mo ní kó yára mú fọ́ọ̀mù tuntun wá, Dókítà Moyọ̀sọ́rẹ ni mo yàn.

Ó ní, "Háà, màmá. Dókítà Moyọ̀sọ́rẹ ti lọ sí Kánádà. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé."

Ó tẹ àkójọ tuntun jáde, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù òfìfo mọ́ ọn. Àwọn dókítà tó kù lábẹ́ ètò wa ní gbogbo Ìbàràpá jẹ́ mẹ́ta. Ọ̀kan ní Èrúwà, wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé èrò ti kún. Ọ̀kan ní Ayétẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan tó yẹ kó máa wá ní gbogbo Ọjọ́rú, oṣù méjì rèé tí wọn ò rí i. Mo ní ti Ìbàdàn ńkọ́. Ó ní agbègbè tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ ló ti ń yàn. Mo ní bí mo bá fi owó ara mi lọ sí Ìbàdàn ńkọ́. Ó wò mí. Èmi náà mọ̀. Owó ilẹ̀ bàbá mi lápá Ìdèrè ni ìtọ́jú ìyá mi jẹ, kò sì tó.

Ẹnì kẹta wà ní Igbó-Ọrà. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gàdàgbà. Mo ń wò ó nínú ọkọ̀ títí a fi kọjá Lánlátẹ̀. Ojú mi kà á. Ètè mi ò mì.


Ọjọ́ Àìkú, 26 Èbìbí

Mi ò lọ sí ìsìn, mo ní orí ń fọ́ mi. Adúmáadán fi oògùn orífífọ́ ránṣẹ́, ó kọ ọ́ sára páálí rẹ̀: "Fún ìyàwó mi. Kó jẹun kó tó lò ó."


Ọjọ́ Ajé, 27 Èbìbí

Àyájọ́ àwọn ọmọdé, kò sí ilé-ìwé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo dúró síwájú dígí.

Awọ orí Àlejò ti wọlé díẹ̀, bí ibi tí èèyàn fìka tẹ̀ lára iyán. Mo mọ ohun tí mò ń wò. Èmi ni mo ń wẹ ìyá mi.

Bí mo bá sọ fún Bàbá Tómi, àbúrò rẹ̀ ló máa pè kí n tó gbẹ́nu dúró. Bí mo bá sọ fún Ìyá Àgbà, gbogbo ilé ti gbọ́. Ọ̀nà kò ju ọ̀kan yẹn lọ. Ẹni tó sì wà níbẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Lọ́dún tó di dókítà, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí pé ìyàwó ilé àwọn ló gbé òun pọ̀n lọ sí ọsibítù, pé ẹ̀yìn obìnrin yẹn ni òun ti pinnu ohun tí òun máa dà. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ẹ̀yìn mi ló mọ̀. Kò yẹ kó mọ iwájú. Ọmọ mi ni, ọkọ mi ni, kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tí mo lè ṣí àyà sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ojú ń tì mí. Mo bínú sí ojú tó ń tì mí, síbẹ̀ ó ń tì mí.


Ọjọ́rú, 29 Èbìbí

Bàbá Tómi rí ìwé nínú báàgì mi. Kì í ṣe fọ́ọ̀mù òfìfo yẹn ló bà á nínú jẹ́, ti àkọ́kọ́ ni, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí dókítà sọ ìdí tí ẹ fi ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kà á jáde fún mi. Ó ní kí ni àbúrò òun fi mí ṣe. Mo ní kò fi mí ṣe nǹkan kan. Ó ní kí ló dé nígbà náà.

Ó wá béèrè ohun tí mi ò rò láyé mi. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó fọwọ́ kàn ọ́ ni?"

Mo ní rárá. Mo ní rárá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà tí mo máa fi sọ ẹ̀ẹ̀kẹta, èmi gan-an gbọ́ bó ṣe ń dún. Obìnrin tó ní nǹkan pa mọ́ ni.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Òkúdu

Pálọ̀ ni Bàbá Tómi ń sùn. Ó ti ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà. Ọ̀la, lẹ́yìn ìsìn.


Ọjọ́ Àìkú, 2 Òkúdu

Pálọ̀ Ìyá Àgbà. Àwa mẹ́rin péré, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ará agboolé. Adúmáadán ti ọ̀dọ̀ aláìsàn wá, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò mọ ohun tí wọ́n pè é fún. Bàbá Tómi gbé fọ́ọ̀mù náà síwájú rẹ̀. Ó kà á, ó rọra gbé e kalẹ̀. Ó ní ìyàwó òun lẹ́tọ̀ọ́ sí dókítà tó bá wù ú. Ohùn rẹ̀ kéré.

Ìyá Àgbà ní kí n sọ ohun tó ṣe fún mi. Mo sá sẹ́yìn ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo sọ ti January, ti Dókítà Adúmáadán tí mo kọ sórí fọ́ọ̀mù, pé a ò tiẹ̀ sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ yìí wá. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Ìyá Àgbà ní kí ni wọ́n fẹ́ kí n kọ, ṣé kí n gbé orúkọ ọmọ ọkọ mi sórí ìwé ìjọba gbàgàdà ni. Wọ́n ní bí ìyàwó tó níwà ṣe ń ṣe nìyẹn, àwọn ìyàwó ìsinsìnyí ni kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n yìn mí títí. Bàbá Tómi pàápàá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mi ò rí ibi tí ìyìn ti ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó bi í, lójú ìyá wọn, bóyá ó ti fọwọ́ kàn mí rí.

Adúmáadán dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Mo pè é. Adúmáadán. Kò wẹ̀yìn. Mo tún pè é. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ti wọ bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo rí i pé bó bá jáde báyìí, ilé yìí ò ní jọ jẹun mọ́, èmi ni mo sì máa fà á, èmi tí mo gbé e pọ̀n.

Aliyyah, ilé ló ń jó.

Mo pe orúkọ rẹ̀. Láńrewájú.

Ìyá Àgbà fọwọ́ bo ẹnu. Ó yíjú padà, bàtà kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò mí bí ọmọ tí wọ́n jí lójú oorun. Mo ní ọyàn mi ni. Mo ní kóró kan wà nínú rẹ̀, irú ti ìyá mi, pé Láńrewájú ò fi mí ṣe nǹkan kan, ojú rẹ̀ ló ń tì mí.

Bàbá Tómi jókòó sílẹ̀, orí kápẹ́ẹ̀tì. Láńrewájú bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan náà, ó padà wọlé, ó kúnlẹ̀ tì mí.

"Èwo ni?"

Mo ní òsì.


Ọjọ́ Ajé, 3 Òkúdu

Aago mẹ́jọ àárọ̀. Ó ti rán àwọn nọ́ọ̀sì agboolé níṣẹ́ lọ síbòmíràn. Ẹnì kẹta, tí kì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni, ló dúró tì mí.

Láńrewájú ṣí fáìlì tuntun, ó ka orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe máa ń ka ti gbogbo èèyàn: Edith. Kò pè é rí láyé rẹ̀. Mo ní èmi nìyí, Dókítà.

Mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù òfìfo Bámiṣẹ́ lórí tábìlì rẹ̀. Orúkọ dókítà tí ẹ yàn: mo kọ ọ́ tán pátá, orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá wọn, pẹ̀lú àmì ohùn.

Ó fi aṣọ funfun bo ibi tí kò bá ń yẹ̀ wò. Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Kò ṣe àwàdà. Mò ń ṣọ́ ojú rẹ̀, kò yí padà. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ fọwọ́, ó pẹ́ nídìí ẹ̀rọ omi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó kọ ìwé Ìbàdàn. Ojú-ìwé méjì, lẹ́ẹ̀kan náà, kò gbé bírò. Ó ní ọ̀la ni, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun àti ẹ̀gbọ́n òun ló máa gbé mi lọ. Ó ní òun ò lè sọ ohun tó jẹ́, àyẹ̀wò ló máa sọ. Bàbá Tómi wà níta lórí bẹ́ǹṣì, mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀.

Mo ti de ìró mi tán kí Láńrewájú tó bi mí ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo sọ ọ́: 6 Èbìbí. Ó yíjú sí kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó ń fi bírò kà á níkọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì, bó ṣe máa ń kà á nígbà tí mò ń kọ́ ọ ní òǹkà. Ó ka May tán. Ó ṣí i sí June. Ó ka mẹ́ta níbẹ̀, bírò náà dúró.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi.

"Ìyàwó mi," ó ní. "Ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Nítorí tèmi?"